Ìjì Ààjà ní Oklahoma: Ìdáhùn sí Ìyá Kan tí Ilé Rẹ̀ Kò Ní Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Láti Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ti kó wá sí ẹ̀bá Oklahoma City ní ọdún tó kọjá, àwa àti ọmọ wa méjì. Ilé tí a háyà kò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, síréènì dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe. Aládùúgbò kan ní kí n ṣí gbogbo fèrèsé kí ilé má baà bẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìjọ ní kí n kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ kí n sá lọ sí abẹ́ bíríìjì. Màmá ọkọ mi sọ lórí fóònù pé kí n fọkàn balẹ̀, ṣebí ìjì ń ṣí òrùlé ní Ìbàdàn náà. Ìjì yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà oorun kò kùn mí dáadáa mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí ló dé tí àwọn ará ibí tún ń kọ́lé sí ojú ibi kan náà tí ìjì ti wó? Ṣé kí a kó kúrò ni?”

Ìyá wa, mo ti ka ìwé yín ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, nítorí pé ọdún 19 ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé tí ìjì bàjẹ́ ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ìbéèrè yín sì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìjì, nígbà tí ìdáhùn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn mọ́. Ẹ̀yin béèrè kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, inú mi dùn sí i. Nínú àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn, kò sí èyí tó fẹ́ ibi fún yín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó yẹ kí ẹ tẹ̀lé nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ pé kí ẹ kó lọ tàbí kí ẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ màmá ọkọ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ìjì tí a mọ̀ nílé, èyí tó máa ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, tí ojú ọ̀run á ṣú dùdù láti ìlà oòrùn, tí eruku á gbòde, tí páànù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò, afẹ́fẹ́ tútù tó ń já bọ́ láti inú ìkùukùu òjò tó sì ń rọ́ síwájú ni. Gbọọrọ ló ń fẹ́, láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì lè gba gbogbo ìgboro Ìbàdàn kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá wo àwọn igi tó wó lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn máa ń dojú kọ. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní tornado, tí èmi ń pè ní ìjì ààjà nínú ìdáhùn yìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òpó afẹ́fẹ́ tó ń yí bírí ni, orí rẹ̀ wà nínú ìkùukùu òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì máa ń há tó bẹ́ẹ̀ tí ilé kan yóò fi pa rẹ́ pátápátá tí ilé tó wà ní òdì kejì títì kò ní pàdánù ju àwo òrùlé díẹ̀ lọ. Ààjà tí a mọ̀ ní oko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí àwọn àgbà máa ń sọ pé ó ń gbé ènìyàn wọ igbó lọ kọ́ ewé àti egbò, jọ ọ́ ní yíyí, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ tí oòrùn ti pa ni ààjà kékeré yẹn ti ń gòkè, kò nílò ìkùukùu kankan, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ohun tó tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà ni pé àwọn atukọ̀ òkun Yúróòpù tó ń ná etíkun wa láyé àtijọ́ ló ń pe ìjì àkọ́rọ̀ òjò tiwa gan-an ní tornado, ọ̀rọ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn amúnisìn fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, orúkọ kan ni wọ́n fún ohun méjì, ẹni tó bá sì ti la ti ilé já lè rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ẹ wà ni ó pọ̀ sí ni pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ mẹ́ta ti ń pàdé ní ìgbà ìrúwé. Èyí tó móoru, tó kún fún ọ̀rinrin, ń bọ̀ láti Gulf of Mexico ní gúúsù. Èyí tó gbẹ ń sọ̀kalẹ̀ láti ìhà òkè Rocky àti aṣálẹ̀ gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Lókè réré, òmíràn ń sáré kọjá lọ sí ìlà oòrùn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà máa ń bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, oòrùn á máa gbóná sí i láti àárọ̀, títí di ìrọ̀lẹ́ tí ọmọrí náà á ṣí lójijì tí ìkùukùu á sì ru sókè láàrin wákàtí kan péré. Nítorí pé ọ̀nà tí ẹ̀fúùfù ìsàlẹ̀ ń gbà àti eré tó ń sá yàtọ̀ sí ti òkè, èyí tó wà láàrin wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ọ̀pá tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjì yí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bá sì gbé ọ̀pá náà nàró, gbogbo ìkùukùu náà á máa yí. Irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní supercell. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bí ìjì ààjà rárá, kò sì sí onímọ̀ kankan títí di òní tó lè wo ìkùukùu méjì tó jọra kí ó sì sọ dájúdájú èyí tí yóò bí i. Òun ló fà á tí ó fi jẹ́ pé nínú ìkìlọ̀ mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń ṣe, bíi méje ló ń kọjá láìsí ìjì ààjà kankan. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹ̀tàn ni wọ́n ń ṣe nígbà tí síréènì bá dún tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀.

Ti fèrèsé wá kù. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé ìjì ààjà máa ń fa afẹ́fẹ́ kúrò ní àyíká ilé débi pé afẹ́fẹ́ inú ilé á tì í bẹ́ bí bàlúùnù. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ilé tó wó, n kò rí ọ̀kan tó bẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń rí ni pé ilẹ̀kùn gáréèjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìn, nítorí pé ó fẹ̀ ó sì fúyẹ́; afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, á máa ti òrùlé láti abẹ́ bí èyí tó wà lókè ti ń fà á, òrùlé á ṣí, ògiri tí kò ní ohun tó dì í mú lókè mọ́ á sì dà sóde. Ìyẹn ló fi dà bíi pé ilé bẹ́. Nígbà tí mo bá wo ìpìlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo máa ń rí igi ògiri tí wọ́n fi ìṣó lásán kàn mọ́ sìmẹ́ǹtì níbi tí ó yẹ kí bóòtù wà, tàbí bóòtù tó wà ṣùgbọ́n tí wọn kò dè. Ẹni tó bá ń ṣí fèrèsé ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ náà ni, ó sì ń fi ìṣẹ́jú tí ì bá fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là dúró sí ẹ̀bá gíláàsì. Ẹ pa wọ́n dé, ẹ pa ilẹ̀kùn yàrá gbogbo dé, ẹ sì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ bíríìjì ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ó ti pa ènìyàn ní ìtòsí ibi tí ẹ ń gbé gan-an. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ìjì ààjà ńlá kan jà láti Bridge Creek dé Moore, rédà, ẹ̀rọ tó ń wo ìjì láti òkèèrè, sì wọn eré afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní òkè ilẹ̀ díẹ̀, ó lé ní 300 máìlì láàrin wákàtí kan. Àwọn ènìyàn sá sí abẹ́ bíríìjì òpópónà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan sì kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yàtọ̀ sí àwọn tó farapa yánnayànna. Abẹ́ bíríìjì dà bí ẹnu ihò tó há: afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lè yára ju ti ìta lọ, ó sì ń kó pákó, páànù àti òkúta dání. Ti sísá nínú ọkọ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní El Reno, ìlú kan tí kò jìnnà sí Oklahoma City, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Ọjọ́ 11 péré ni ó jẹ́ lẹ́yìn tí ìjì ààjà mìíràn ti pa ènìyàn 24 ní Moore, ẹ̀rù ṣì wà lára gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó sínú ọkọ̀ láti sá. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ dí òpópónà pa. Ìjì ọjọ́ náà fẹ̀ tó máìlì 2.6, ó sì ń yí ọ̀nà padà débi pé ó pa àwọn ọ̀jáfáfá tó ń lépa ìjì láti ṣèwádìí, Tim Samaras wà lára wọn. Bí irú wọn bá lè bá a lọ nínú ọkọ̀, ìyá tó ń wakọ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn kò lè dá a mọ̀ nínú òjò ibi tó ń lọ. Ibi kan ṣoṣo tí sísá kúrò nínú ilé ti tọ́ ni ilé alágbèéká, irú èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọ́ wá sí orí ilẹ̀, nítorí pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni bí ìdajì àwọn tí ìjì ààjà ń pa ní Amẹ́ríkà máa ń wà. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ sí ibi tó nípọn kí ìkìlọ̀ tó dé.

Kí ni kí ẹ wá ṣe nínú ilé yín? Yàrá tó kéré jù lọ ní ìsàlẹ̀ ilé, tó wà ní àárín gbùngbùn, tí kò ní fèrèsé, ni kí ẹ wọ̀: balùwẹ̀ tàbí yàrá kékeré tí ẹ ń kó aṣọ sí. Ògiri tó bá wà láàrin yín àti ìta, bó bá ti pọ̀ tó ni ó dára tó. Ẹ wọ bàtà, àwọn ọmọ náà pẹ̀lú, nítorí pé ìṣó àti gíláàsì ló máa ń gún àwọn tó là á já. Ẹ dé wọn ní akoto tí wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ lóṣòó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi tìmùtìmù bo ara yín, nítorí pé ohun tó ń fò lu ènìyàn ló ń pani jù, kì í ṣe afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín nípa ibi tí èyí mọ. Láti EF0, tó rọ jù lọ, dé EF5, tó le jù lọ, ni wọ́n ń wọn ìjì wọ̀nyí, lórí ìpìlẹ̀ òṣùwọ̀n tí Ted Fujita, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ṣiṣẹ́ ní University of Chicago, gbé jáde ní ọdún 1971. Bí ilé ṣe bàjẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ipò tí ìjì wà. Púpọ̀ jù lọ kì í kọjá EF1, balùwẹ̀ àárín ilé sì tó fún un. Bí ó bá jẹ́ EF4 tàbí EF5, tí kò wọ́pọ̀ rárá, tí ó sì gba orí ilé náà kọjá gan-an, balùwẹ̀ lè ṣàìtó. Àpótí irin tí wọ́n ń rì sí abẹ́ ilẹ̀ gáréèjì, tàbí yàrá irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ sìmẹ́ǹtì gẹ́gẹ́ bí ìlànà FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjálù, ni mo mọ̀ tó ń gba ènìyàn là nínú irú ìyẹn. Ayálégbé ni yín, ẹ kò lè gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì lè bi aládùúgbò tó ní i bóyá ó lè gba ẹ̀yin mẹ́rin mọ́ra. Ìtìjú ìbéèrè yẹn kò tó nǹkan. Ẹ béèrè ní ilé ìwé àwọn ọmọ pẹ̀lú. Nínú àwọn 24 tó kú ní Moore ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọmọ méje ni ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Plaza Towers, tí kò ní ibi ààbò kankan nígbà náà. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n kọ́ ibi ààbò mọ́ ọn.

Síréènì tí ẹ gbọ́, ẹni tó wà ní ìta ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá ń sùn tàbí tí ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ lè má gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fóònù yín máa gba ìkìlọ̀ pàjáwìrì, kí ẹ sì ra rédíò kékeré tó ń jí ènìyàn lóru nígbà tí National Weather Service, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, bá ṣe ìkìlọ̀. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwọn ènìyàn wa máa ń dàpọ̀: “watch” túmọ̀ sí pé ojú ọjọ́ ti wà ní ìmúrasílẹ̀ fún un, kí ẹ wà ní tòsí ibi ìsádi, “warning” túmọ̀ sí pé ènìyàn tàbí rédà ti rí i, kí ẹ wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àkókò tó máa ń wà láàrin ìkìlọ̀ kejì yìí àti ìjì kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ní Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, síréènì kọ́kọ́ dún ní ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú kí ìjì náà tó balẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 150 ló kú síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣèwádìí, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ló gbọ́ síréènì ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ jáde síta lọ wo ojú ọ̀run, tàbí tí wọ́n ń dúró de ohun mìíràn tí yóò jẹ́rìí sí i, nítorí pé síréènì ti dún lásán fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà rí. Mo mọ bí èyí ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá ti wọ balùwẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láìsí ìjì, agara á dá a ní ẹ̀ẹ̀keje. Ẹ bá mi jà pẹ̀lú agara yẹn.

Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń padà kọ́lé sí ojú ibi kan náà. Ìdáhùn rẹ̀ gùn, nítorí pé ìjì ààjà máa ń kọjá láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ ó lè gba ìlú kan ní ọdún mẹ́wàá kí ó tó bọ́ nínú rẹ̀. Ní Joplin, ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà gan-an ni ìjì náà bàjẹ́ débi pé wọ́n ní láti wó o lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn tó farapa lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún 2015 ni tuntun tó rọ́pò rẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn. Ilé ẹ̀kọ́ girama wọn pa rẹ́ ní ọjọ́ àṣeyẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, síbẹ̀ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìlú náà pinnu pé ọjọ́ ìwọlé kò ní yẹ̀, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kẹjọ, tí apá kan àwọn ọmọ girama ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ìtajà. Mo gbà pé ìpinnu yẹn ni ó gba ìlú náà là, nítorí pé òbí tí ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé kì í kó lọ. Greensburg ní Kansas kò rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjì ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 wó bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Wọ́n tún un kọ́ dáadáa, wọ́n fi agbára afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná wọn, ṣùgbọ́n ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ tó 1,400 kò ní ju 777 lọ nígbà ìkànìyàn ọdún 2010. Àwọn tó sábà máa ń lọ tí wọn kì í padà ni ayálégbé. Onílé á gba owó adójútòfò, ó lè tà ilẹ̀ náà. Ilé tó ṣẹ́kù ní ìlú á gbówó lórí. Ẹni tí kò ní nǹkan kan tí a fi dè é mọ́ ibẹ̀ á sì lọ bá ẹbí ní ìlú mìíràn. Àwọn tó dúró, ilẹ̀ ni ohun ìní kan ṣoṣo tó kù fún púpọ̀ wọn, sàréè òbí wọn wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ilé baba ń jẹ́ láàrin wa kò ní bá wọn jiyàn.

Kì í sì í ṣe pé wọn kò kọ́gbọ́n. Ìjì ààjà ti ja Moore ní ọdún 1998, 1999, 2003, 2010 àti 2013, kì í sì í ṣe ojú ọ̀nà kan pàtó ló ń tẹ̀lé. Ìlú náà wà ní ibi tí wọ́n pọ̀ sí ni, èyí tó kù sì jẹ́ bí ó ti bọ́ sí. Ní ọdún 2014, Moore di ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣe òfin ilé kíkọ́ nítorí ìjì ààjà: irin tó ń di òrùlé mọ́ ògiri, ilẹ̀kùn gáréèjì tó lè gba afẹ́fẹ́, ilé tó lè dúró nínú afẹ́fẹ́ 135 máìlì láàrin wákàtí kan. Òfin yẹn kò lè dá EF5 dúró, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tí ìjì ń bàjẹ́, etí ìjì ló ń kàn wọ́n, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti le tó ti àárín, ibẹ̀ sì ni bóòtù àti irin ti ń ṣe iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé lọ́jọ́ iwájú, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti òfin tí wọ́n fi kọ́ ọ kí ẹ tó béèrè iye yàrá rẹ̀.

Ṣé kí ẹ kó kúrò? N kò lè dáhùn fún yín, ṣùgbọ́n mo lè sọ bí èmi ṣe ń wọ̀n ọ́n. Nǹkan bí 1,200 ìjì ààjà ló ń jà ní Amẹ́ríkà lọ́dún, púpọ̀ wọn kéré, ojú ọ̀nà wọn há, nítorí náà ìṣeéṣe pé ọ̀kan yóò gba orí ilé kan pàtó kọjá ní ọdún kan kéré gan-an, kódà ní Oklahoma. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibòmíràn kò ní ààbò pátápátá. Ìjì ààjà tó pa ènìyàn 57 ní Kentucky ní òru ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2021 rin ohun tó lé ní 160 máìlì lórí ilẹ̀, ó sì ba ìlú Mayfield jẹ́ ní oṣù tí ọ̀pọ̀ kò retí rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kì í ja ìlú ńlá, kì í sì í ré odò kọjá. Ní ọdún 1896, ọ̀kan ja àárín St. Louis, ó ré odò Mississippi, ó sì pa ènìyàn 255 ó kéré tán. Bí iṣẹ́ ọkọ yín bá dára níbẹ̀ tí àwọn ọmọ sì ti mọ ilé ìwé wọn, èmi kì bá kó nítorí ìjì nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù náà ń ba ìlera yín jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ ìdí tó tó, kí ẹnikẹ́ni má sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni owó àti ìwé. Adójútòfò onílé kì í bo ẹrù ayálégbé. Ẹ lọ gba ti ayálégbé fúnra yín, kò wọ́n. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, pásípọ́ọ̀tù, káàdì ìgbélùú àti ìwé ìbí àwọn ọmọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí nílé. Owó ìrànwọ́ FEMA kì í jáde àfi tí Ààrẹ bá ti kéde àjálù fún àgbègbè náà, ẹni tó sì wà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ kì í sábà lẹ́tọ̀ọ́ sí i fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ìlú Amẹ́ríkà bá wà nínú ilé, òbí lè béèrè ní orúkọ ọmọ náà. Ẹ wádìí rẹ̀ ní báyìí tí ọkàn balẹ̀. Bí ìjì bá sì ti jà, ẹ má san àsansílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn pé òun ń tún ilé ṣe. Mo ti rí ìdílé tó la ìjì já tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sì kó ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé, ní aago méjìlá, wọ́n máa ń dán síréènì wò ní agbègbè Oklahoma City bí ojú ọjọ́ bá dára. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ó tó dún, ẹ gbé akoto, bàtà, tọ́ọ̀ṣì àti rédíò sí balùwẹ̀. Nígbà tí ó bá dún, ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ sì fi aago fóònù wọn iye ìṣẹ́jú tí ó gbà yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní Sátidé kejì, kí ọkọ yín sì tẹ́tí láti ibi iṣẹ́ lórí fóònù, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ wá yín.